Epo Pupa fún Eré Ìje

"Gbé e mì jàre! Ṣé epo lásán lò ń wò bí ẹni wo ejò báyìí?"

Sìdíkátù ló ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn kíláàsì wọn ní Ẹ̀gán ni òun àti Ọmọ́wùnmí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sá pamọ́ sí, ife epo pupa kan sì wà lọ́wọ́ Ọmọ́wùnmí. Ọdún 1992 ni. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣa àwọn tí yóò sá eré jíjìn níbi ìdíje ilé ìwé wọn lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọ̀ràn náà ju eré lọ. Bàbá Ọmọ́wùnmí, Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, ti fàáké kọ́rí pé bí ọmọ òun kò bá gbégbá orókè lọ́dún yìí, eré sísá parí nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní Ìgàndò ni yóò máa lọ jókòó sí lẹ́yìn ilé ìwé. Bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí ọmọ náà fẹ́ràn tó kó máa sáré.

"Àbí o ò sí ní kíláàsì lánàá ni?" Sìdíkátù tún ní. "Tíṣà Gbóyèga ṣáà sọ pé agbára inú ọ̀rá fi ìlọ́po méjì ju ti iṣu àti gàrí lọ. Wàá fò bí ẹyẹ!"

Òótọ́ ni tíṣà sọ bẹ́ẹ̀. Ìyókù ọ̀rọ̀ ni àwọn méjèèjì kò dúró gbọ́, torí bí aago ìsinmi ṣe dún ni wọ́n ti ki eré mọ́lẹ̀ lọ síbi àkàrà. Ọmọ́wùnmí di imú, ó gbé epo náà mì.

Ẹ wá wo eré! Wọn ò tíì yí pápá ká lẹ́ẹ̀kan tí inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Èébì ń gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo. Ipò kẹrin, tó jẹ́ ipò tí wọ́n gbà kẹ́yìn, ló fi ìrọ́jú bọ́ sí. Bó ti kọjá ìlà, ṣáláńgá ló sá gbà. Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín títí, ojú sì tì í débi pé ẹkún ló fi bọnu.

Tíṣà Gbóyèga, olùkọ́ bàọ́lọ́jì wọn, bá a lábẹ́ igi máńgòrò. Nígbà tó jẹ́wọ́ fún un, tíṣà dorí mú.

"Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí o, ṣùgbọ́n àbọ̀ ẹ̀kọ́ kì í di odindi nínú ẹnikẹ́ni. Ṣé epo àti omi máa ń rẹ́?"

"Rárá, sà."

"Omi ló sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Epo ò lè ṣàdédé wọ ibẹ̀. Òróòro tó ń ti ẹ̀dọ̀ wá ní láti kọ́kọ́ fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ nínú ìfun, bí ọṣẹ ṣe ń ṣe epo inú àwo. Ara yóò gé e kéékèèké, yóò gbà á wọlé, yóò tún un tò, yóò wá fi purotéènì wé e bí a ṣe ń pọ́n mọ́ínmọ́ín, kó tó lè rìn nínú omi. Síbẹ̀, kò tíì dénú ẹ̀jẹ̀ o! Ojú ọ̀nà omi ara, tó yàtọ̀ sí ti ẹ̀jẹ̀, ni yóò gbà gòkè títí dé ìsàlẹ̀ ọrùn, ibẹ̀ ló ti ń já sínú ẹ̀jẹ̀. Àfi bí ẹni tó ń ti Ìgàndò lọ sí Ìkòtún tó wá lọ yípo gba Ìyànà-Ìpájà. Ìgbà náà ni ẹ̀jẹ̀ yóò tó gbé e fún iṣan, tí ara yóò sì kó ìyókù pamọ́."

Ọmọ́wùnmí lanu. "Nígbà tí mò ń sáré, inú ìfun ló ṣì wà?"

"Ibẹ̀ ló wà tó ń bá ẹ jà. Iṣu àti ìrẹsì ló ń tètè di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ fún irú eré tìrẹ. Jẹun dáadáa, kó o sì máa fi ẹsẹ̀ rẹ dánra wò."

Ọmọ́wùnmí ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, Sìdíkátù tún yọ́ wá, hóró oògùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èyí kì í ṣe epo o. Àwọn awakọ̀ tírélà ló ń lò ó, kíá ló ń ṣiṣẹ́."

Ọkàn Ọmọ́wùnmí fà sí i díẹ̀, torí bàbá rẹ̀ ti jókòó lábẹ́ àtíbàbà. Àmọ́ ó mirí.

"Mo ti jẹ iṣu mi, ọ̀rẹ́ mi. Ẹsẹ̀ mi ni n ó fi sá a."

Àdíját, akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì kejì sí tiwọn, ló kọ́kọ́ ṣíwájú. Nígbà tó ku ìyípo kan, Ọmọ́wùnmí na ẹsẹ̀. Ó kọjá ẹnì kan, ó kọjá ẹlòmíràn, ó dọ́gba pẹ̀lú Àdíját, ó yọ àyà síwájú, ó já okùn! Pápá hó yèè. Ọ̀gbẹ́ni Ọláoyè, tí kì í pariwo, ju fìlà sókè, ó sáré wọ àárín pápá.

"Ọmọ mi nìyẹn! Ta ló ní kó lọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù?"

"Ẹ̀yin náà ni o, Dádì," ni Ọmọ́wùnmí wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Máa sáré lọ, ọmọ mi!" Ó gbá a mọ́ra, inú ọmọ náà dùn dẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ yín dé òpin, ẹ má sì bá ọ̀rẹ́ gbé ohun tí ẹ kò mọ ìdí rẹ̀ mì. Bí ara ẹni bá lè ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀kán epo kan, ó yẹ kí àwa náà lè ní in fún iṣẹ́ wa. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.