Orí Ìwé Tí Ojú-Ìka Kò Kà

"Ojú-Ìka, ṣé a máa sùn síbí ni? Wọ́n á ti jẹ kéèkì yẹn tán kí a tó débẹ̀ o."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìkàwé. Ọmọ kíláàsì wọn kan ń ṣe ọjọ́ ìbí, gbogbo ẹgbẹ́ sì ti múra. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń pè ní Ojú-Ìka nìkan ni wọ́n ń dúró dè. Ó tẹrí ba sórí ẹ̀rọ tó wà lórí itan rẹ̀, ìka rẹ̀ ń sáré lọ sáré bọ̀.

Láti kékeré ni kò ti ríran. Ìka ló fi ń kàwé, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ ìnagijẹ náà. Ẹ̀rọ bíréèlì rẹ̀ kò fẹ̀ ju ìwé àkọsílẹ̀ lọ. Bí ìwé bá ti wọ inú rẹ̀, àwọn kókó wẹ́wẹ́ á máa yọ, wọ́n á máa rì lábẹ́ ìka rẹ̀, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn. Ilé ìkàwé á fi ẹ̀rọ ya àwòrán ìwé tí àwọn tó ríran ń kà, wọ́n á sọ ọ́ di ìwé orí ẹ̀rọ, òun á sì kà á látòkèdélẹ̀ láti wá àṣìṣe inú rẹ̀ kí wọ́n tó fún àwọn tí kò ríran. Ẹ̀rọ tó ń ya ìwé kì í ṣe ohun tó ṣeé fọkàn tán. Nígbà mìíràn á ṣí ojú ìwé bíi mélòó kan pa pọ̀, á fo ohun tó wà láàárín, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bàbá Olùkọ́ ló béèrè fún ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn ló kọ́ ọ ní bíréèlì nígbà tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí nígbà èwe wọn, kí ojú wọn tó fọ́, wọn kò sì kà á parí. Ní báyìí tí àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀, òun ni wọ́n ń béèrè ṣáá. Ìtàn bàbá kan ni, tí òun àti ọmọ rẹ̀ jà, tí ọmọ sì bínú fi ilé sílẹ̀.

Ó ku orí kan ṣoṣo. Ojú-Ìka gbọ́ ẹ̀rín àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níta, ọkàn rẹ̀ fò lọ bá wọn. Àwọn orí tó ti kà kò ní àṣìṣe kankan, kí ló fẹ́ ṣe èyí tó kù? Ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí Àǹtí tó ń bójú tó ilé ìkàwé pé òun ti kà á tán, ó pa ẹ̀rọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Ká má purọ́, ó gbádùn ọjọ́ náà.

Àǹtí fi ìwé náà ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ Bàbá Olùkọ́. Kò pẹ́ tí bàbá fi ránṣẹ́ pe Ojú-Ìka. Ọmọbìnrin wọn tó ń tọ́jú wọn ló mú un wọ yàrá. Ọwọ́ tí bàbá fi di tirẹ̀ mú gbóná, kò sì lágbára mọ́.

"Ọmọ mi, o ṣeun. Àmọ́ ìwé yìí já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo bá bàbá ọ̀hún dé ojú fèrèsé, ó ń wo ọ̀nà, ni mi ò bá rí nǹkan kan mọ́. Ìwọ tí o kà á tán, báwo ló ṣe parí?"

Ojú-Ìka mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹ̀rọ ti fo àwọn ojú ìwé tó gbẹ̀yìn. Kò ju kó sọ pé òun kò kà á parí lọ, kó sì sáré lọ wá èyí tó kù. Ṣùgbọ́n ojú tì í. Ẹni tó ń fi í yangàn káàkiri ni yóò sọ fún pé òun purọ́?

"Ọmọ náà padà wá ni, Bàbá. Òjò ń rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó sì kanlẹ̀kùn. Bàbá rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un."

Bàbá Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n yíjú sí ọmọbìnrin wọn. "Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Má wulẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ mọ́. Tèmi náà á padà wá fúnra rẹ̀."

Nígbà tí ọmọbìnrin bàbá ń sin Ojú-Ìka jáde, ó ṣàlàyé fún un pé bàbá àti ẹ̀gbọ́n òun ti ń bínú síra wọn tipẹ́, àti pé àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé kí wọ́n pè é. Ojú-Ìka mọ̀ pé irọ́ òun ló dá ìpè náà dúró. Síbẹ̀ kò jẹ́wọ́, ó dágbére, ó lọ.

Bàbá Olùkọ́ dúró títí. Bí ilẹ̀kùn bá ti dún, wọ́n á béèrè ẹni tó wọlé. Kí oṣù tó parí, wọ́n kú.

Ọ̀fọ̀ ló gbé ọmọkùnrin wọn dé. Ojú-Ìka gbọ́ tí ọkùnrin náà ń sunkún nínú yàrá bàbá rẹ̀, kò sì lè mú un mọ́ra mọ́. Ó lọ jẹ́wọ́ fún Àǹtí. Bí Àǹtí bá bínú, wọn kò sọ ọ́ síta. Wọ́n ya àwọn ojú ìwé tí ẹ̀rọ ti fò, wọ́n sì ní kó kà wọ́n.

Bàbá inú ìwé kò dúró sójú fèrèsé. Ó mú ọ̀pá, ó wọ ọkọ̀, ó lọ bá ọmọ rẹ̀ nílé. Òun ló kanlẹ̀kùn. Ìka Ojú-Ìka dúró sórí ìlà yẹn, kò lè lọ síwájú. Ó sunkún débi pé Àǹtí gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí omi má bàa wọ inú rẹ̀.

Ó lọ bá ọmọkùnrin Bàbá Olùkọ́, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

"Èmi náà ń retí pé kí wọ́n pè mí ni," ọkùnrin náà wí. "Ká ní wọ́n pè, ǹ bá ti dé tipẹ́."

Ọkùnrin náà kò bú Ojú-Ìka. Ìbá sàn fún un ká ní ó bú u.

Ojú-Ìka ṣì ń kàwé fún ilé ìkàwé náà, kò sì jẹ́ kọ ọ́ mọ́ pé òun ti ka ohun tí ìka rẹ̀ kò dé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, irọ́ tí a pa láti fi bo ìtìjú ara wa lè di ohun tí ẹlòmíràn gbójú lé. Ojú-Ìka ti sọ òtítọ́ fún gbogbo èèyàn báyìí, àfi ẹnì kan ṣoṣo tó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.