Ẹrù Inú Àpò Màmá Àgbà

"Ìyá, kí lèyí?"

Aṣọ́bodè kan fa ọ̀rá dúdú kan yọ nínú àpò ìyá náà, ó gbé e sókè. Búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí Màmá Saykal fọwọ́ ara rẹ̀ yan láàárọ̀ ti fọ́n ká orí tábìlì, èso gbígbẹ sì ń yí bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn èrò tó tò sẹ́yìn wọn lórí afárá.

"Ọmọ mi, mi ò mọ̀ ọ́n. Oúnjẹ ni mò ń gbé lọ fún Batma, àbúrò mi tó ń ṣàìsàn lódìkejì odò."

"Gbogbo yín náà lẹ ní àbúrò tó ń ṣàìsàn!" Ó fi ọ̀bẹ ya ọ̀rá náà. Kóró oògùn olóró dà sílẹ̀ wàràwàrà bí ìrẹsì. "Ṣé Batma ló fẹ́ gbé gbogbo èyí mì? Arúgbó lásánlàsàn, ojú ò tiẹ̀ tì ọ́!"

Meerim, ọmọ ọmọ Màmá Saykal, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń rọra fà sẹ́yìn. Òun ló fi ọ̀rá náà sábẹ́ búrẹ́dì.

Ulan ló gbé e fún un. Ìlú ọjà ni Karakechu tí wọ́n ń gbé, lẹ́nubodè ilẹ̀ Kyrgyz àti ti Uzbek. Kòǹtéénà tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀bù tò láti ibùdókọ̀ dé etí odò. Nínú ọ̀kan ni Ulan ti ń ta fóònù látìgbà tó ti fi iléèwé sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń pe Meerim ní arẹwà, tó sì ń fi fóònù ọwọ́ rẹ̀ tó ti fọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Wọn kì í tú àpò arúgbó," ni Ulan wí lánàá. "Ẹnìkan á gbà á lọ́wọ́ rẹ lọ́hùn-ún. Tó o bá dé, wá mú fóònù tó wù ọ́."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ojú fóònù ni jàre. Àbí o rò pé mo lè kó màmá yín sí ìjàngbọ̀n?"

Meerim mi ọ̀rá náà. Ó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ojú fóònù kì í dún bẹ́ẹ̀, ọmọ náà sì mọ̀. Ó kàn ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni.

Ní báyìí, aṣọ́bodè gbá Màmá Saykal lápá mú, ó fà á débi pé gèlè já bọ́ lórí ìyá, ewú orí rẹ̀ sì hàn síta lójú gbogbo èrò. Inú bí Meerim. Ó gbàgbé ẹ̀rù.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀! Èmi ni mo fi í síbẹ̀! Ulan ló rán mi!"

Màmá Saykal yíjú sí i. Ìwò tó wò ó dùn ún ju ìgbátí lọ.

Wọ́n lọ mú Ulan wá síbẹ̀. Ó wo Meerim láti òkè délẹ̀. "Ta ni eléyìí? Mi ò rí i rí."

"Òpùrọ́!" Ọlọ́pàá méjì ló di Meerim mú kó má baà fi èékánná ya ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí wọn nígbà tí Ulan gbé ẹrù lé e lọ́wọ́, nítorí náà Ulan lọ sílé. Wọ́n fi Meerim lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ títí di ọjọ́ ìgbẹ́jọ́, wọ́n sì ní òun àti màmá àgbà rẹ̀ kò gbọdọ̀ tẹ afárá mọ́ títí ẹjọ́ yóò fi parí.

Ẹjọ́ kò tíì parí tí Batma fi kú.

Wọn ò jẹ́ kí Màmá Saykal kọjá. Etí odò, níbi tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún dí, ló ti ń wò nígbà tí wọ́n gbé òkú àbúrò rẹ̀ lé èjìká. Odò náà kò fẹ̀. Ó ń rí ojú àwọn ọmọ Batma kedere, wọ́n sì ń gbọ́ ẹkún rẹ̀.

"Màmá àgbà, ẹ jọ̀ọ́," ni Meerim wí. "Ulan ló tàn mí."

"Ulan kọ́!" Ìyá náà ké mọ́ ọn. "Ulan ò mọ Batma. Ulan ò jẹun lọ́wọ́ mi rí. Ìwọ lo fi ewú orí mi bo ẹrù burúkú! Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi!"

Bí Meerim ṣe ń sunkún gba àárín ọjà lọ, Ulan yọ sí i láàárín kòǹtéénà méjì.

"Arẹwà, tó o bá dé kóòtù, sọ pé o ò mọ ẹni tó fún ẹ. Mo máa tọ́jú ẹ."

Ìbínú tí Meerim ti ń gbé mì látọjọ́ yìí bú jáde.

"Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ gbọ́ o! Oògùn olóró ni Ulan ń kó lé ọmọ yín lọ́wọ́! Ó kó màmá àgbà mi sí ìtìjú, ó tún fẹ́ kí n purọ́ fún òun!"

Ulan fẹ́ sá. Obìnrin kan tó ń ta bàtà dábùú ọ̀nà mọ́ ọn. "Ìwọ náà lo gbé irú ẹrù yìí lé ọmọkùnrin mi tó wà látìmọ́lé lọ́wọ́," ló wí, ó sì di ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ mú pinpin. "Èmi náà á bá ọ dé kóòtù."

Obìnrin náà jẹ́rìí, Meerim náà jẹ́rìí, Ulan sì wẹ̀wọ̀n. Ilé ẹjọ́ dá Meerim sílẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀, wọ́n sì ṣí ọ̀nà afárá fún Màmá Saykal. Sàréè Batma ló lọ kí.

Meerim bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun sìn ín lọ. Màmá Saykal gbé àpò rẹ̀ mọ́ àyà.

"Dúró síbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi. Ọjọ́ tí ìbínú náà bá tán, màá pè ọ́."

Meerim dúró lẹ́nu afárá, ó ń wo ẹ̀yìn ìyá náà. Ó ti yé e wàyí: ẹni tó bá ní ká fi ẹni tó fẹ́ràn wa ṣe ìbòjú kì í ṣe ọ̀rẹ́, ẹni tó sì mọ òtítọ́ tó di etí ara rẹ̀, kò lè pe ara rẹ̀ lẹ́ni tí wọ́n tàn jẹ.