Ebè Kan ní Oko Kánsù

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́ ebè, ó ń fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá a jẹ́jẹ́, ebè ọ̀hún sì gùn tó ènìyàn tó nà gbalaja. Ìborùn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, bàtà òjò ẹsẹ̀ rẹ̀ ga dé orúnkún, ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀ sì kúrú bíi tàwọn àgbẹ̀ Ìwó. Wọ́n ri pátákó kan mọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ebè náà, wọ́n kọ ọjọ́ àti oṣù sí i. Ajíbádé dúró sẹ́nu géètì, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, ó ń wò ó. Kánsù ìlú òyìnbó tó ń bá ṣiṣẹ́ ló rán an pé kó wá wádìí ẹni tí wọ́n sin síbẹ̀.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó kan tí oko tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, Cornelius lorúkọ rẹ̀, ló pe ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ náà pé òun rí sàréè tuntun ní oko kejìdínlọ́gbọ̀n. Òyìnbó ni Cornelius, kò mọ ebè. Ohun tó bá gùn, tó ga díẹ̀, tí pátákó sì dúró nídìí rẹ̀, sàréè ni lójú tiẹ̀. Ọ́fíìsì kan ṣoṣo ló sì ń bójú tó itẹ́ òkú àti àwọn oko kéékèèké tí kánsù ń pín fún ará àdúgbò, nítorí náà wọn ò ronú jìnnà kí wọ́n tó rán Ajíbádé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ni Ajíbádé wí.

Obìnrin náà gbójú sókè. "Ẹ ṣeun. Council ti ń rán ọmọ Yorùbá báyìí? Kí ni mo ṣe?"

"Wọ́n ní ẹ sin ènìyàn."

Ó wo ebè, ó wo Ajíbádé. "Ṣé kí n hú u kí ẹ lè rí ojú ẹ̀?"

"Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi."

Ó kúnlẹ̀, ó fi ìka wa etí ebè, ó fi ọ̀dùnkún kan hàn án tí kò tíì ju ìka ọmọdé lọ. "Òkú yìí ṣì ń dàgbà," ló wí.

Ajíbádé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í yá lẹ́nu iṣẹ́. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń kọ orúkọ òkú sínú ìwé. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù pé ọ̀dùnkún ni, kì í ṣe òkú. Ó bi obìnrin náà pé ta ló ni oko. Ó ní bàbá òun ni, Àlàájì Jẹ̀lílì Àkànbí. Mìsítúrà ni orúkọ tòun.

"Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà nílé. Orúnkún ló ń yọ wọ́n lẹ́nu."

Ó sọ ọ́ kíá, ó sì padà sídìí ọkọ́. Ajíbádé kò fura.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ajíbádé padà wá wò ó bóyá òkú ti dàgbà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ní ẹ̀rọ omi ń jò. Ẹ̀rọ omi náà ń jò lóòótọ́, torí Ajíbádé kì í purọ́. Ìyá rẹ̀, Mummy Magdalene, tí wọ́n ti ń wọ sùtánà funfun ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà láti ìgbà èwe wọn, ti ní kó kúnlẹ̀ kó nawọ́ sókè rí nítorí irọ́ kékeré kan. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò tíì gbàgbé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò wá àwáwí kankan mọ́. Àárọ̀ ni Mìsítúrà máa ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Brockley, ọ̀sán ló máa ń wá sóko. Ajíbádé á ti dúró dè é nídìí géètì, oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ á wà nínú ọ̀rá.

"O di ọkọ́ mú bí ẹni di fóònù mú," ni Mìsítúrà wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé ọkọ́ fún un.

"Peckham ni wọ́n bí mi sí. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ọkọ́?"

"Ta ló bi ẹ́ léèrè? Bẹ̀rẹ̀ dáadáa, Ọ̀gbẹ́ni Council. Ilẹ̀ ò ní bù ẹ́ jẹ."

Ó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn dùn ún fún ọjọ́ mẹ́ta, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n jókòó sórí àpótí tí wọ́n ń jẹ bọ́ǹsì, ó bi í léèrè oríkì rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́ ni. Má máa pè é kiri o. Bàbá mi nìkan ló ń pè é."

"Mi ò ní pè é títí wàá fi ní kí n pè é."

Nígbà tí oṣù Kẹjọ fi máa parí, Ajíbádé ti mọ̀ pé òun fẹ́ràn ọmọ yìí dé góńgó, ó sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Mìsítúrà ń tu koríko lọ́wọ́, kò dúró. "Mo ti mọ̀," ló wí. "Mo kàn ń dúró kí o parí inspection ni." Ìgbà tó tu koríko dé ìdí ìlà náà ló tó padà wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ lọ́wọ́.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn títí di oṣù Kẹsàn-án, tí ọ́fíìsì ní kí Ajíbádé tẹ orúkọ àwọn sàréè tí ilẹ̀ wọn kò tẹ́jú. Òfin kánsù ni pé kí gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ kí ẹ̀rọ tó ń gé koríko lè kọjá. Ẹnì kẹrin nínú ìwé náà ni Jẹ̀lílì Àkànbí, ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, tí wọ́n sin lọ́dún tó kọjá. Àdírẹ́sì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ni oko kejìdínlọ́gbọ̀n. Ajíbádé fúnra rẹ̀ ló kọ orúkọ náà sínú ìwé lọ́jọ́ ìsìnkú. Òkú pọ̀, kò lè rántí gbogbo wọn.

Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́. Oko kánsù kì í ṣe ogún. Bí ẹni tó ni ín bá kú, ẹni tó bá kàn lórí waiting list ló máa gbà á, àyàfi bí ará ilé rẹ̀ kan bá ti forúkọ sílẹ̀ pé àwọn jọ ń ro ó. Àlàájì kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Ọdún kan gbáko ni Mìsítúrà ti fi ń dáhùn lẹ́tà kánsù lórúkọ ẹni tó ti kú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ó lọ bá a lóko. Kò jókòó.

"Mo rí orúkọ Bàbá nínú ìwé itẹ́ òkú," ló wí.

Mìsítúrà gbé ọkọ́ sílẹ̀. Kò bi í pé ìwé wo.

"O lè dákẹ́," ló wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi. Àti ẹni tó ti ń dúró lórí list láti ọdún mẹ́sàn-án."

"Ṣé o mọ ẹni náà ni?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni list yẹn wà. Mo mọ iye ọdún ẹ̀ ni, mi ò mọ ojú ẹ̀."

"Èmi ńkọ́, tí o mọ ojú mi?" Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ní itẹ́ òkú yẹn, mo fọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ jọ lé bàbá mi lórí, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Mo tún kó o jọ, ẹ tún tẹ́ ẹ. Ibí nìkan ni mo ti lè kọ ebè kí ẹnikẹ́ni má tú u. Bí mo bá ń kọ ọ́, ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n dúró lẹ́yìn mi, tí wọ́n ń sọ pé kò ga tó. Ìyẹn lẹ fẹ́ gbà."

Àánú rẹ̀ ṣe Ajíbádé débi pé kò lè wò ó lójú. Ṣùgbọ́n ó sọ ohun tó wá sọ. "Èmi ni mo máa kọ lẹ́tà náà. Mo fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi kí o tó rí i. Wọ́n á fún ẹ láàyè kí o wa ọ̀dùnkún rẹ tán."

"O ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Council," ni Mìsítúrà wí. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi ṣàwàdà.

Ó kọ lẹ́tà náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá rẹ̀ ṣí list, ó sì pè é. Ẹni tó kàn ni Magdalene Ajíbádé.

Mummy kò sọ fún un rí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gbin ẹfinrin àti tẹ̀tẹ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì ní bàkónì àjà kẹta, Ajíbádé rò pé ohun tó tẹ́ wọn lọ́rùn nìyẹn. Ó ní kí ọ̀gá gba fáìlì náà lọ́wọ́ òun nítorí ìyá òun ni. Ọ̀gá gbà á. Kò sí ohun tó lòdì sófin níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Cornelius gbọ́, ẹnu Cornelius kò sì ní ìlẹ̀kùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Mìsítúrà ti gbọ́.

Ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ránṣẹ́ lórí fóònù: "O ní o ò mọ ẹni náà." Látìgbà náà, kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ ohun tó dun Ajíbádé. Ó lè fara da kí wọ́n pè é ní ọlọ́kàn líle. Ṣùgbọ́n wọ́n pè é ní òpùrọ́, ẹni tí ó fẹ́ràn jù láyé ló sì pè é bẹ́ẹ̀. Kò lè jẹun. Mummy Magdalene wo àwo rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ní kó wá sọ tẹnu ẹ̀.

"Mo rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́, mà."

"Dámisọ́lá tó wà ní choir ni?"

"Rárá, mà. Ọmọ Àlàájì tó ni oko tí wọ́n fún yín."

"Mùsùlùmí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó sì ń bínú sí ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó á máa bínú sí èmi náà, tí kò rí mi rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O káre," ni Mummy wí. "Ta ló máa wá bá mi lọ ṣọ́ọ̀ṣì?" Wọ́n gbé àwo náà kúrò níwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, Mummy ní kí Ajíbádé fi mọ́tò gbé àwọn lọ wo oko àwọn. Sùtánà ṣì wà lọ́rùn wọn, wọ́n sì mú bàtà lọ́wọ́, torí ẹni tó wọ sùtánà kì í wọ bàtà nínú ìjọ wọn. Wọ́n ní kí Ajíbádé dúró sẹ́nu géètì, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán wọlé.

Mìsítúrà wà níbẹ̀, ó ń wa ọ̀dùnkún. Ajíbádé rí i láti ọ̀ọ́kán bó ṣe nàró tó rí obìnrin aláṣọ funfun náà, ó sì mọ̀ pé ó ti mọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Mìsítúrà dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀, orúnkún méjèèjì, ó kí wọn. Inú ló ń bí i, kì í ṣe pé kò ní ẹ̀kọ́.

Mummy fà á dìde. Wọ́n sọ̀rọ̀ pẹ́. Ajíbádé kò gbọ́ ẹyọ kan níbẹ̀. Ó rí Mummy tí wọ́n nàka sí ebè, ó rí Mìsítúrà tó fọwọ́ nu ojú. Ó wá rí ohun kan tí kò rí rí láyé rẹ̀: ìyá rẹ̀ ká sùtánà wọn sókè, wọ́n gba ọkọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. Mìsítúrà dúró lẹ́yìn wọn. Ó jọ pé ó ń sọ fún wọn pé kò ga tó.

Nínú mọ́tò, gbogbo ohun tí Mummy sọ kò ju èyí lọ: "Ta ló kọ́ ọmọ yẹn lóko ríro?"

"Bàbá ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n kọ́ ọ re."

Lọ́jọ́ Wednesday, ọ̀gá Ajíbádé gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "A ò mọ̀ pé o ti gbéyàwó," ló wí.

"Èmi náà ò mọ̀," ni Ajíbádé fèsì.

Fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ni oko fi ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n á jọ máa ro ó ni. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Mìsítúrà Àkànbí. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé kí ló jẹ́ sí olóko, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni. Nísàlẹ̀, kánsù fúnra wọn tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà pé ẹni tó bá purọ́ sínú fọ́ọ̀mù yìí, oko bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ajíbádé ń rò ó bó ṣe máa sọ fún Mummy pé irọ́ ni wọ́n kọ, ìgbà náà ni ojú rẹ̀ tó balẹ̀ sórí ìkọ̀wé ọ̀hún. Kì í ṣe ti Mummy. Ó mọ ẹni tó ń kọ nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ yẹn. Òun ló kọ ọjọ́ àti oṣù sára pátákó ìdí ebè.

Kò dúró kó jẹun ọ̀sán. Mìsítúrà ń kó ewé gbígbẹ jọ nígbà tó dé.

"Mummy mú fọ́ọ̀mù wá bá mi lọ́jọ́ Monday, wọ́n ti gbàgbé dígí ojú wọn sí ṣọ́ọ̀ṣì," ni Mìsítúrà wí kó tó béèrè ohunkóhun. "Wọ́n ń sọ ọ́, mo ń bá wọn kọ ọ́."

"O sì kọ ìyẹn?"

"Mo kọ ọ́. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn fi list yẹn pa mọ́ fún ẹ, torí àwọn mọ̀ pé o máa ní kí àwọn yọ orúkọ kúrò. Mo ṣì ẹ́ gbọ́, má bínú." Ó gbé ewé sílẹ̀. "Mo ní èmi máa máa kírun mi o. Wọ́n ní àwọn náà ò ní bọ́ sùtánà. Mo pe ìyá mi ní Ìwó. Wọ́n ní ṣé o kì í purọ́. Mo ní ìyẹn gan-an ló dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀."

"Irọ́ lo kọ sínú fọ́ọ̀mù, ṣé o mọ̀?"

"Mo mọ̀. Kí lo fẹ́ ṣe sí i?"

Ajíbádé wo ebè tí ìyá rẹ̀ kọ. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ga. "Mo fẹ́ kó di òótọ́," ló wí. "Jọ̀ọ́, fẹ́ mi."

Mìsítúrà wò ó títí. Omi wà lójú rẹ̀, kò nù ún. "Pè mí dáadáa kí n gbọ́."

"Àbẹ̀kẹ́."

"Mo gbọ́," ni Mìsítúrà wí. "Mo gbà."

Kánsù kan náà tó ń kọ òkú, tó ń kọ oko, òun náà ló ń kọ ìgbéyàwó. Àwọn méjèèjì lọ forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì dúró fún iye ọjọ́ tí òfin ní kí wọ́n dúró. Ní gbogbo àsìkò náà, fọ́ọ̀mù Mummy wà nínú dúrọ́ọ̀ ọ̀gá, torí Ajíbádé ti sọ fún un pé kò tíì ṣeé fọwọ́ sí. Lọ́jọ́ Monday tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó wọn, ó lọ bá ọ̀gá, òrùka lọ́wọ́, ó ní kó jọ̀ọ́ mú un jáde. Ọ̀gá gbé e fún un kó tún un wò. Ajíbádé kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí irọ́ kankan níbẹ̀ mọ́, ó dá a padà, ọ̀gá sì lu òǹtẹ̀.