Ìmọ́lẹ̀ Kan Náà fún Àwòrán Méjèèjì

Ìjà ni wọ́n fi pàdé. Ọmọbìnrin náà, tó ń ṣèwádìí oògùn, gbé àwòrán méjì wọ yàrá ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá: sẹ́ẹ̀lì tó gba oògùn ń dán yanran, èyí tí kò gbà ṣú dùdù. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ọkùnrin tó ń mójú tó ẹ̀rọ náà kàn mi orí.

"Ẹ̀rọ ló dá tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí tó ń dán yìí fúnra ẹ̀. Ẹ fi ìmọ́lẹ̀ méjèèjì sí iye kan náà ká tó sọ̀rọ̀."

"Ṣé ẹ̀ ń pè mí lónírọ́ ni?"

Abájọ tí wọ́n fi ń pe ọkùnrin náà ní Ọgbọọgba níbi iṣẹ́! Ọmọbìnrin ṣe bó ṣe wí, tìbínú-tìbínú. Ìyàtọ̀ náà dín kù púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì wà. Láti ọjọ́ náà, àwòrán tí kò nílò àyẹ̀wò gan-an, á gbé e lọ bá a. Kó tó di oṣù mẹ́ta, ìfẹ́ ti wọ àárín àwọn méjèèjì.

Ìyá ọmọbìnrin náà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àǹtí kan ti fi fọ́tò ẹnjinníà kan ránṣẹ́ pé kí ọmọ fẹ́ ẹ, fọ́tò náà mọ́ rekete. Ti Ọgbọọgba, inú yàrá awò tó ṣókùnkùn ni wọ́n ti yà á.

"Ojú ẹni yìí ò dán, ọmọ mi. Wo èkejì bó ṣe ń tàn!"

Ara ọmọ kò balẹ̀ mọ́. Ó jókòó, ó dìde. Níkẹyìn, òun tí wọ́n ti kọ́ lẹ́kọ̀ọ́, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí fọ́tò Ọgbọọgba lórí fóònù, ó fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Ìyá ní kó mú un wá lọ́jọ́ Àìkú.

Nígbà tí wọ́n dé, ìyá wo fóònù, ó wo àlejò.

"Ta wá lèyí?"

Ọgbọọgba yọjú wo fọ́tò náà. Ó rọra sọ pé, "Ìfẹ́ mi, ìwọ náà?" Ojú ti ọmọ gan-an.

"Èmi náà ni, Mà. Wọ́n tanná sí mi jù ni. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbi fèrèsé, kí ẹ wò mí dáadáa. Tí ẹnjinníà tí ọmọ yín sọ fún mi bá dé, ibẹ̀ náà ni kó dúró."

Ìyá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Lọ́jọ́ Àìkú kejì, ní wákàtí kan náà, ó mú ẹnjinníà lọ síbi fèrèsé. Ọmọ ń rìn síwá sẹ́yìn ní kíṣìnì. Ó gbọ́ tí ẹnjinníà ní, "Mà, ẹ bá mi fa aṣọ fèrèsé yẹn bò ó díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ yìí ò bá mi lára mu."

Kò pẹ́ tí ìyá fi sìn ín sọ́nà, tó sì wá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì.

"Sọ fún Ọgbọọgba kó mú àwọn ẹbí ẹ̀ wá. Ọ̀sán ni kí wọ́n wá o, kí n lè rí wọn dáadáa."