Orúkọ Tí Kulu Kò Lè Pè

Ọmọ tó mu kókó rẹ̀ tán lálẹ́, tó fa ìborùn ìyá bàbá rẹ̀ ya, tó sì ń rẹ́rìn-ín títí oorun fi gbé e lọ, òun ni wọ́n bá ní tútù lórí ẹní kí oòrùn tó yọ. Ẹni tó wẹ̀ ẹ́ yẹ ara rẹ̀ wò látòkè délẹ̀, kò rí àmì kankan. Wọ́n gbé Abdulmuiz jáde nínú aṣọ funfun tí kò gùn ju aṣọ ìnura lọ, àwọn ọkùnrin àdúgbò Mabera sì tẹ̀lé e lọ sí itẹ́ òkú.

Nínú ilé, Ràfíátù, ìyá bàbá ọmọ náà, ń yí gbirigbiri nílẹ̀, ó ń fi oríkì pe ọmọ náà. "Àkànní mi o! Àkànní, ta ni mo ṣẹ̀?" Ṣùgbọ́n Kulu, ìyá tó bí ọmọ gan-an, jókòó síbi ògiri. Ó fi ìborùn bojú. Kò ké, kò sọ̀rọ̀.

Khàdíjàt, àbúrò ọkọ rẹ̀, rí bí ojú gbogbo ilé ṣe ń kúrò lára ẹni tó ń sunkún, tó ń lọ bá ẹni tí kò sunkún. Ó ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ kí wọ́n tó sọ ọ́.

Ìyá Fadékẹ́mi, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó yá yàrá ìta lọ́wọ́ wọn, ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ṣùgbọ́n àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ṣé a ṣì ń béèrè ohun tó pa ọmọ ni?"

"Àjẹ́ wo ló ké?" Khàdíjàt bi í.

"O ò gbọ́ ẹyẹ lórí igi dóńgóyárò ẹ̀yìnkùlé lánàá?"

"Ẹtù tí Tanko aládùúgbò wa ń sìn ni, Màmá Fadé. Orí igi yẹn ló ń sùn."

Ìyá Fadékẹ́mi pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ọmọ Sókótó! Ó ní ẹtù ni. Ẹtù tó mọ ilé tí ọmọ ọwọ́ wà, àbí?"

Láti ọjọ́ tí Kamaldeen, bàbá ọmọ náà, tó ń ta ẹ̀yà ọ̀kadà ní Sama Road, ti mú Kulu wá láti abúlé Fúlàní kan lódìkejì odò ni ojú ìyá rẹ̀ ti wà lára ìyàwó yìí. Ó lẹ́wà, ó mọ́ tónítóní, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n nígbà tó bímọ, kò pe ọmọ náà lórúkọ rí. "Ẹni yìí ti jí," ló máa ń wí. Bí àlejò bá wọlé, á gbé ọmọ kalẹ̀, á kọjú sí ògiri. Bí ọmọ bá ń ké lójú ìyá ọkọ rẹ̀, á máa wò ó títí ẹlòmíràn á fi gbé e.

Kunya ni wọ́n ń pè é, ìtìjú àkọ́bí. Láàrin àwọn èèyàn Kulu, ìyá kì í pe orúkọ ọmọ tó kọ́kọ́ bí, kì í ṣìkẹ́ rẹ̀ lójú èèyàn, pàápàá lójú ìyá ọkọ. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kò lójútì. Khàdíjàt mọ̀ ọ́n. Sókótó ni wọ́n bí i sí, òun àti àwọn ọmọ Fúlàní ló jọ jókòó lórí ẹní kan náà nílé kéwú.

Ohun mìíràn tún wà tó mọ̀. Ní ọ̀sán kan tí ilé dá, ó yọjú lẹ́yìn kọ́tìnì, ó rí Kulu pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Ó ki imú bọ àárín orí ọmọ náà, ó ń fà á símú bí ẹni tó ń gbóòórùn òjò àkọ́rọ̀. Ó ń rọra fi eyín tẹ ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín tí kò ní ohùn.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Khàdíjàt kó gbogbo rẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀.

"Mo ti mọ kunya kí wọ́n tó bí ẹ," Ràfíátù dá a lóhùn. Ìlọrin ni wọ́n ti gbé e wá sílé ọkọ ní kékeré. Ó ń ná ọjà ní Hausa, ó ń bínú ní Yorùbá. "Ṣùgbọ́n ìtìjú wo ló ń bá òkú ọmọ wọ ilẹ̀? Ọmọ kú, ìyá ò ké. Ṣé igi ló bí i ni?"

"Ó fẹ́ràn ẹ̀, Màmá. Mo fojú mi rí i. Ó ń gbóòórùn orí ẹ̀, ó ń fi eyín—"

Ràfíátù gbójú sókè wàrà. "Ó ń kí ni?"

Khàdíjàt fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀.

"Ó ń gbóòórùn ẹ̀, ó ń fi eyín tọ́ ọ wò, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí i! Khàdíjàt, ṣé etí ẹ gbọ́ ohun tí ẹnu ẹ sọ?"

Okùn tí Khàdíjàt mú wá láti fi fa Kulu yọ nínú kànga, ọrùn Kulu ni wọ́n fi í sí.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gba omi lọ́wọ́ Kulu mọ́. Ìyá Fadékẹ́mi á pe ọmọ rẹ̀ wọlé bó bá ti gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀. Kamaldeen bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ẹyẹ náà tún ké, Khàdíjàt fa ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ dé ìdí igi, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹtù náà wà níbẹ̀, ó ká ọrùn, ó ń ṣẹ́jú.

"Ohun tí wọ́n fẹ́ kó o rí lo rí," ni Ràfíátù wí, ó sì yí padà.

Khàdíjàt bẹ Kulu. "Àǹtí Kulu, don Allah, nítorí Ọlọ́run, ẹ sunkún díẹ̀ lójú wọn."

Kulu mi orí. "Ẹkún tó wà nínú mi kì í ṣe díẹ̀. Bí mo bá tú u sílẹ̀ lójú ìyá wa, kí ni màá fi bojú lẹ́yìn rẹ̀?"

Ni Khàdíjàt bá wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Kofar Rini, lọ́dọ̀ Àáfà Abdulrasaq. Bàbá onísùúrù ni, kì í pariwo, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pe èèyàn ní àjẹ́. Ó ṣèlérí pé òun á bá wọn parí ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Khàdíjàt sùn dáadáa.

Nígbà tí Àáfà dé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, gbogbo ilé pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fẹ̀yìn tì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ò rí ẹ̀bi kankan lójú ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó rọrùn pa ẹnu ayé dé. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá jẹ ọmọ, orúkọ ọmọ náà kì í lè gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jáde. Ìyàwó, pe orúkọ ọmọ ẹ lójú ìyá ọkọ ẹ. Ká ṣe àmín, ká máa lọ jẹun."

Khàdíjàt fò dìde. "Àáfà, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ìyẹn! Ẹ jẹ́ kó fi Kùránì búra."

"Ẹ wò ó," ni Ìyá Fadékẹ́mi wí, "ohun tó rọrùn ti ń ba agbẹjọ́rò lẹ́rù."

"Gbé ẹnu ẹ dákẹ́!" Khàdíjàt ni Ràfíátù ń bá wí.

Kulu kúnlẹ̀. Ètè rẹ̀ là. Ọ̀fun rẹ̀ gbéra, ó tún padà. Ó wo ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀, òógùn bo iwájú orí rẹ̀, ó sì fa ìborùn bojú.

"Kulu," Kamaldeen bẹ̀ ẹ́. "Orúkọ kan ṣoṣo!"

Kò sí ohùn. Ẹ̀yìnkùlé ni ẹtù ti dáhùn.

"Ẹ ti gbọ́," ni Ràfíátù wí.

Àáfà ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ẹ ní sùúrù ná, bóyá ojú ló ń tì í…" Ṣùgbọ́n ẹyin ti bọ́, ó ti fọ́. Kamaldeen kò gbé orí sókè nígbà tó ní kí ìyàwó rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀.

Khàdíjàt ló bá a gbé ẹrù jáde. Kẹ̀kẹ́ ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ará àdúgbò ti tò sí ìdí ògiri. Kulu gbé ẹsẹ̀ kan sínú kẹ̀kẹ́, ó sì dúró. Ó yí padà sí ilé náà. Ó ṣí ìborùn kúrò lórí, ó jù ú sílẹ̀.

"Abdulmuiz!"

Ohùn náà ya bí aṣọ. Ó tún pè é. Ó wólẹ̀ sórí iyanrìn, ó ń bu ú sórí, ó ń pe ọmọ rẹ̀ ní gbogbo orúkọ tí kò pè é nígbà tó wà láyé. Kunya, ohun kan ṣoṣo tó kù fún un, ó ti jù ú sílẹ̀ lójú gbogbo ayé.

Ayọ̀ burúkú kan gbé Khàdíjàt. Ó sáré padà sẹ́nu géètì. "Màmá! Ẹ gbọ́? Ó pè é! Ó ti pè é!"

Ẹ̀rù ti ba Ràfíátù. Ó di ẹ̀wù Kamaldeen mú, ó ń fà á wọlé. "Mo gbọ́. Ẹ tilẹ̀kùn! Ó ń pè é kó dìde wá bá a!"

Wọ́n ti géètì náà gbà-á lójú rẹ̀. Khàdíjàt dúró láàrin géètì àti kẹ̀kẹ́, ìborùn Kulu lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ohun tó lè sọ fún wọn nínú Yorùbá, ó wá ohun tó lè sọ fún Kulu nínú Hausa.

Lẹ́yìn ilé, ẹtù Tanko ń fò gorí igi lọ sùn.