Ìpele Méjì Tí Bàbá Mi Kò Rí

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mi ò mu ju ife bíà kan lọ lọ́jọ́ náà, ìdajì rẹ̀ ló sì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Ojú ọ̀sán gangan ni. Àǹtí Odessa Pruitt jókòó lẹ́yìn wa, ọkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, ẹ lè lọ bi wọ́n. Ọkọ yẹn lè purọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní purọ́ nípa èyí.

Marlene Vasko ni mò ń jẹ́. Port Malden ni wọ́n bí mi sí, létí adágún Erie, ibẹ̀ náà ni mo ti wa ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ìyá mi ló sọ mí ní Marlene. Ó ní orí rédíò àwọn nọ́ọ̀sì lòun ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí òun bí mi. Gbogbo wa gbà pé orin kan ni.

Ẹgbẹ́ méjì la ní nílùú wa. Àwọn Ẹyẹ Adágún ń gbá béésìbọ́ọ̀lù. Àwọn Alágbẹ̀dẹ ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́nu ṣóńṣó, èyí tí wọ́n máa ń gbé sáyà sá, tí àwọn yòókù á sì máa fi agbára wó wọn lulẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ni tèmi. Ọdọọdún ni wọ́n ń mú ọmọ tuntun tí ọrùn rẹ̀ nípọn ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ, tí wọ́n á ní òun ni yóò gbà wá là. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, wọ́n á ti dójú tì mí níwájú gbogbo ará ibi iṣẹ́. Tó bá tún di oṣù Kẹjọ, màá lọ ra fìlà wọn tuntun. Mi ò lójútì.

Bàbá mi, Ondrej, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ wọn. "Màlúù tó dé ìbòrí," bó ṣe ń pè wọ́n nìyẹn. Lójú rẹ̀, béésìbọ́ọ̀lù nìkan ni eré, ìyókù ìjà ìgboro ni. Bẹ́ẹ̀ Ẹyẹ Adágún tirẹ̀ náà kò sàn. Mo máa ń sọ fún un pé ẹyẹ tí kì í fò ni. Yóò ní kí n lọ wẹ ẹnu mi.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ mọ nípa ọjọ́ ìbí mi.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án ni, lọ́dún 1962. Bàbá mi wà ní pápá, ní ìsọ̀rí kẹrìnlá, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ aláwọ̀ ewé. Ìpele mẹ́sàn-án ni eré máa ń ní. Ìpele méje ti kọjá, kò sì sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ àlejò tó fi igi gbá bọ́ọ̀lù ajubọ́ọ̀lù wa dáadáa débi tí ó fi lè sáré dé ibùdó àkọ́kọ́. Ẹ̀ṣọ́ kan wá tẹ bàbá mi léjìká. "Ọ̀gbẹ́ni Vasko, wọ́n ti gbé ìyàwó yín lọ ilé ìwòsàn." Bàbá mi wo pápá. Ó wo ẹnu ọ̀nà. Ó sáré jáde.

Ajubọ́ọ̀lù yẹn ṣe é títí ìpele mẹ́sàn-án fi pé. Ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nínú ìtàn ẹgbẹ́ wa nìyẹn. Kò sí ẹni tó gba ohùn eré náà sílẹ̀. Inú ìwé ìròyìn ni bàbá mi ti kà á lọ́jọ́ kejì, èmi wà lápá rẹ̀ kan, mò ń ké.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ìbí mi ló máa ń gbé ẹ̀bùn fún mi tí yóò ní, "Tìẹ rèé. Ìpele méjì tèmi dà?" A ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ojú bàbá mi. Kì í ṣe àwàdà tán.

Eré bẹ́ẹ̀ ní orúkọ. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Bí ó bá ń lọ lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀, àtòṣèré àtòǹwòran, àti ẹni tó ń ròyìn rẹ̀ lórí rédíò pàápàá. Ẹni bá la ẹnu sọ ọ́ ló bà á jẹ́. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí ẹ̀.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án tún bọ́ sí ọjọ́ ìbí mi. Bàbá mi ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ojú rẹ̀ ti ṣú, àwọ̀ nìkan ló ń rí. A gun àtẹ̀gùn lọ sí ìsọ̀rí kẹrìnlá, ó dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Ọmọ yìí," ó ní, "èyí ni àṣekágbá. Ẹsẹ̀ mi kò ní gbé mi gòkè yìí mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ẹ̀yin náà! Bí ẹ ṣe wí lọ́dún tó kọjá nìyẹn."

"Lọ́dún tó kọjá, irọ́ ni mo ń pa."

Pápá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Àwọn Alágbẹ̀dẹ ń gbá bọ́ọ̀lù tiwọn lókèèrè ní wákàtí kan náà, gbogbo ìlú ti jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Èmi náà kò fẹ́ pàdánù rẹ̀. Mo ti wá rédíò kékeré àtijọ́ ti bàbá mi jáde nínú gáréèjì, mo ra bátìrì sí i, mo dán an wò, ìròyìn ojú ọjọ́ ló ń sọ. Mo fi pamọ́ sínú báàgì mi.

Èmi ni ojú bàbá mi lọ́jọ́ náà. Mò ń sọ ohun tó ń lọ fún un: ẹni yìí gbá òfo, wọ́n mú ti ẹni yẹn lókè. Tiwa jẹ àmì kan. Mò ń bó ẹ̀pà. Ní ìpele karùn-ún, mo ṣàkíyèsí pé ariwo ti dínkù. Ní ìpele kẹfà, Àǹtí Odessa dá òwú tó ń hun dúró. Nígbà náà ni mo gbójú sókè wo pátákó àmì. Òdo ni ó wà níwájú àwọn àlejò, bíi ti ọjọ́ tí wọ́n bí mi: kò sí ẹni tó tíì gbá a dé ibùdó àkọ́kọ́.

Gilbert, ọkọ Àǹtí Odessa, ọmọ Kánádà ni. Eré orí yìnyín ló mọ̀. Oṣù méje péré ni wọ́n tíì fi gbé ara wọn.

"Ẹ̀yin èèyàn," ó ní, "àbí ẹ ò rí i ni? Àwọn àlejò yìí ò tíì—"

Àǹtí Odessa ki sọ́sẹ́ẹ̀jì bọ̀ ọ́ lẹ́nu. "Jẹun, Gilbert."

"Kí ló fẹ́ sọ?" bàbá mi béèrè.

"Kò fẹ́ sọ nǹkan kan, Bàbá Marlene. Ebi ló ń pa á."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bàbá mi wí. Ọwọ́ rẹ̀ ti di tèmi mú. Ó mọ̀. Ó ti mọ̀ tipẹ́.

Ìpele keje parí. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ bọ̀ láti adágún dúró. Àwọn àsíá rọ. Mò ń gbọ́ èèpo ẹ̀pà lábẹ́ bàtà ẹnì kan ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Mo fẹ́ gbọ́ ohun mìíràn, ohunkóhun. Mo ki okùn ìgbọ́rọ̀ rédíò bọ etí kan láti gbọ́ àwọn Alágbẹ̀dẹ mi.

Ó kùn. Ó dákẹ́. Ohùn ọkùnrin kan wọlé.

"Ìpele kẹjọ rèé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbé ife kọfí yín sílẹ̀."

Mo mọ ohùn yẹn. Kò sí ẹni tó ti dàgbà ní Port Malden tí kò mọ̀ ọ́n. Corwin Tate ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ròyìn eré Ẹyẹ Adágún. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mí nígbà tí a sin ín.

Mo ní ọkàn mi ló ń tàn mí. Tate ń sọ̀rọ̀ lọ. "Ó gbé ẹsẹ̀. Ó jù ú. Wọ́n gbá a lọ sókè, apá òsì... wọ́n ti mú un. Ẹnì kan jáde."

Mo wo pápá. Ajubọ́ọ̀lù wa ṣì dúró, ó ń nu ọwọ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé ẹsẹ̀. Ó jù ú. Wọ́n gbá a lọ sókè, apá òsì. Wọ́n mú un.

"Ẹni tó kàn ń fi igi kan bàtà rẹ̀," ni Tate wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì." Ẹni tó kàn jáde wá. Ó fi igi kan bàtà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Mo fa okùn yọ lára rédíò. Ohùn Tate bọ́ síta, ó rọra ń dún láàárín wa. Bàbá mi gbórí sókè.

"Tate," ó ní. Kò bi mí. Ó kàn sọ ọ́ ni.

"Ẹ gbọ́ ọ?"

"Dákẹ́. Má fọwọ́ kàn án."

Àǹtí Odessa tẹ̀ síwájú. "Marlene, ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Rédíò ni, mà."

"Mo kọrin níbi ìsìnkú ọkùnrin yẹn." Ó fi òwú bo ẹnu. Mo rò pé yóò sá. Ó sún ìjókòó rẹ̀ mọ́ wa. "Gbé e sókè díẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbọ́ ọ, àwa mẹ́rin, tí a forí korí bí àwọn tó ń jalè. Ohun tí Tate bá sọ, pápá á ṣe é. Kò dárúkọ ohun yẹn rárá. Kò sì dárúkọ òṣèré kankan, "ọmọ wa" àti "àlejò" nìkan ló ń pè. Ìpele kẹjọ parí. Ìpele kẹsàn-án wọlé. Ẹnì kan jáde. Ẹnì kejì jáde. Ó ku ẹyọ kan, ẹni kẹta, kí eré parí.

Tate dákẹ́.

Ó pẹ́. Rédíò ń kùn. Gbogbo èèyàn ti dìde dúró. Ìbẹ̀rù kan wá mú mi. Bí Tate bá sọ pé wọ́n gbá a ńkọ́? Yóò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi yóò gbọ́ ọ kí ó tó ṣẹlẹ̀, kò sì ní sí ohun tí mo lè ṣe. Mo na ọwọ́ sí rédíò láti pa á.

Bàbá mi di ọwọ́ mi mú. Kò rí i, ṣùgbọ́n ó dì í mú.

"Má pa á, Marlene. Mo ti kúrò níbí lẹ́ẹ̀kan."

Mo fi í sílẹ̀.

"Ó jù ú," ni Tate wí. "Ó gbá òfo! Ó gbá òfo! Ó parí!"

Àwa mẹ́rin fò sókè, a figbe ta. A gbàgbé. Bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ ajubọ́ọ̀lù. Gbogbo pápá yí ojú sí wa bíi pé a ṣẹ̀ wọ́n. Ẹnì kan gbá ife bíà ọwọ́ mi, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi ti tutù. Ajubọ́ọ̀lù pàápàá wo òkè. Lẹ́yìn náà ó gbé ẹsẹ̀. Ó jù ú.

Àlejò gbá òfo.

Ẹ ò tíì gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu ìwọ̀nba èèyàn bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ń jó. Bàbá tó sinmi lẹ́ẹ̀mẹrin lórí àtẹ̀gùn ń jó, fìlà aláwọ̀ ewé ń fò lórí rẹ̀. Ó fẹnu ko Gilbert lẹ́nu. "Mo wà níbẹ̀!" ló ń pariwo. "Mo jókòó títí ó fi parí!" Omijé ń dà lójú rẹ̀, ó ń dà lójú mi. Inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, Alágbẹ̀dẹ kò sì sí níbẹ̀.

Lábẹ́ ariwo náà, rédíò ṣì ń sọ̀rọ̀.

"Ìjókòó kan ṣófo ní ìsọ̀rí kẹrìnlá, ẹ̀yin èèyàn mi. Onífìlà aláwọ̀ ewé kan sáré jáde lẹ́yìn ìpele keje, wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ ń rọbí. Ọ̀gbẹ́ni, bí ẹ bá ń gbọ́ mi, kí lẹ bí?"

Bàbá mi dúró. Ó gba rédíò lọ́wọ́ mi, ó gbé e súnmọ́ ẹnu.

"Obìnrin ni," ó ní. "Marlene ló ń jẹ́."

Rédíò kùn. Mo gbọ́ ariwo èèyàn nínú rẹ̀, ariwo ńlá, ó ju tiwa lọ. Lẹ́yìn náà, Tate rẹ́rìn-ín.

"Marlene!" ó ní. "Ẹ bá wa kí Marlene káàbọ̀."

Ó kùn lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn mìíràn wọlé. Eré àwọn Alágbẹ̀dẹ ni. Wọ́n ti fi àmì mọ́kànlélọ́gbọ̀n na wọn.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí mò ń wa ọkọ̀ gbé bàbá mi lọ sílé. Orí afárá ni mo ti rántí ìyá mi, mo sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti kú. Ìtàn rẹ̀ kò yí padà rí. Òun kò ní orúkọ kankan lọ́kàn. Rédíò àwọn nọ́ọ̀sì ń pariwo, bíi pé ayẹyẹ kan ń lọ níbì kan. Ọkùnrin kan rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, ó pe Marlene, òun sì wo ojú mi, ó bá mi mu.

Mo yíjú sí bàbá mi. "Bàbá," mo ní, "ta ló sọ mí lórúkọ?"

Ó ń bó ẹ̀pà tó ṣẹ́ kù. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbé ọ̀kan sí mi lọ́wọ́.

"Èmi ni," ó ní. "Ṣebí ìwọ náà gbọ́ mi."