Orogún Àṣìkẹ́ Inú Kọ̀ǹpútà

Eruku sìmẹ́ǹtì Ìbéṣè ti sọ ìpéǹpéjú Ayọ̀túndé di funfun lọ́jọ́ tí Àṣìkẹ́ kọ́kọ́ rí i. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà níwájú ilé iṣẹ́ rédíò kékeré tí Àṣìkẹ́ ti ń ka ìròyìn n'Ílaròó. Òun ni olóòtú tuntun.

"Bàbá àgbà, ẹ kú àbọ̀." Àṣìkẹ́ bu omi fún un, ẹ̀rín ń pa á.

"Ohùn tí mò ń gbọ́ láti Ìmẹ̀kọ rèé? Ó mà lẹ́wà o."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn, ó sì ń dùn títí Wúrà fi dé. Wúrà kì í ṣe ènìyàn. Ohùn obìnrin tí ọgbọ́n àtọwọ́dá ń gbé jáde nínú kọ̀ǹpútà ni, Ayọ̀túndé sì ń kọ́ ọ ní ìròyìn kíkà látàárọ̀ dalẹ́.

"O ṣeun, Wúrà. Dákun, tún un kà."

Dákun! Àṣìkẹ́ ju ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì. "O ò kúkú gbé e níyàwó?"

"Adúmáadán mi, ẹ̀rọ lo wá ń jowú?"

Ó ń jowú, ó sì ń dùn ún dọ́kàn.

Àṣìkẹ́ ló ń yẹ iṣẹ́ Wúrà wò kó tó jáde. Lọ́jọ́ kan, ìkéde òkú bàbá arúgbó kan, Táíwò, tí Kẹ́hìndé ìbejì rẹ̀ fi ránṣẹ́, wọlé láti Ayétòrò, Wúrà sì pe Táíwò ní ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé. Ọmọ Yewa wo ni kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé ló rán Táíwò wá wo ayé, pé òun gan-an ni ẹ̀gbọ́n? Àṣìkẹ́ gbọ́ ọ, ó panu mọ́. Kí ayé rí ìwà òmùgọ̀ Wúrà.

Inú Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n tí rédíò sọ di àbúrò, bàjẹ́ gidi. Ayọ̀túndé fúnra rẹ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ wọ́n l'Áyétòrò, ó ní òun lòun jẹ̀bi. Nígbà tó dé, erùpẹ̀ pupa wà láyà ẹ̀wù rẹ̀. Àṣìkẹ́ rí i, ó bú sẹ́kún.

"Mo gbọ́ àṣìṣe náà kó tó jáde. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́ ni. O ti fi Wúrà rọ́pò mi."

Ayọ̀túndé jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

"Màmá mi ti ń ní kí n mú ọ wá sí Ìmẹ̀kọ tipẹ́. Sátidé wo lo ráyè rí? Mo ní kí Wúrà máa bá ọ ka ti Sátidé, kí n lè mú ìyàwó mi relé."

Àṣìkẹ́ bu omi, ó sì fọ erùpẹ̀ náà kúrò láyà ẹ̀wù Ayọ̀túndé.

Nígbà tó di Sátidé, inú ọkọ̀ Ìmẹ̀kọ ni wọ́n wà nígbà tí Wúrà ń tọrọ àforíjì lórí rédíò tí dẹ́rẹ́bà ń gbọ́ lórí fóònù rẹ̀. Àṣìkẹ́ ló kọ́ ọ: Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n.

"O ṣeun, Wúrà," Àṣìkẹ́ wí. Ó wá yíjú sí Ayọ̀túndé. "Ṣùgbọ́n ìwọ, èmi nìkan ni kí o máa sọ dákun fún."

"Dákun," ni Ayọ̀túndé wí, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, "ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ."